Rélùwéè Itakpe, ẹja odò àti ẹyẹ etí omi lọ́jọ́ kan ṣoṣo: ìdáhùn fún akọ̀wé ẹgbẹ́ kan ní Kàbà

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹgbẹ́ àwọn tá a jọ jáde níléèwé ni wá, Kàbà la wà. Àwa méjìdínlógún la fẹ́ lọ ṣe fàájì ọjọ́ kan nínú oṣù Kejìlá, nígbà táwọn tó wà l'Ékòó àti Àbújá bá wálé. A fẹ́ wọ rélùwéè Itakpe, a fẹ́ rí ẹranko, a sì fẹ́ jẹun gidi. Amọ̀nà kan ní òun lè gbé wa dé Warri kóun sì dá wa padà lọ́jọ́ náà. Ṣé ó ṣeé ṣe? Báwo la ṣe máa tò ó?"

Ọ̀kun o, akọ̀wé. Ti Warri yẹn ò ṣeé ṣe, ẹ má sanwó fún un. Ojú irin láti Itakpe dé Warri lé ní 320 kìlómítà, bí wákàtí márùn-ún ni rélùwéè sì ń lò nígbà tí nǹkan bá lọ geere. Lílọ bíbọ̀ di mẹ́wàá, ẹ ò tíì ka ọ̀nà Kàbà sí Itakpe mọ́ ọn, ẹ ò tíì jẹun, ẹ ò tíì rí ẹyẹ kan. Èyí tó ṣeé ṣe ni kẹ́ ẹ wọ apá tó sún mọ́ wa: Itakpe sí Ajaokuta, 52 kìlómítà, bíi wákàtí kan, kí bọ́ọ̀sì yín gba títì lọ pàdé yín níbẹ̀. Ẹranko àti oúnjẹ, Lọ́kọ́ja ni kẹ́ ẹ ti wá wọn, létí odò. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ inú ọjọ́ kan dáadáa bí ẹ bá jẹ́ kí aago rélùwéè máa darí ohun gbogbo yòókù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa ojú irin yìí, torí òun ló máa sọ ibi tẹ́ ẹ máa jókòó sí. Èrò kọ́ ni wọ́n torí rẹ̀ là á. Ọdún 1987 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀, kó lè máa kó òkúta irin láti òkè Itakpe lọ sí iléeṣẹ́ irin Ajaokuta, kó sì so ibẹ̀ mọ́ Warri. Ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020 ni ìjọba àpapọ̀ tó ṣí i ní gbangba. Òkúta irin wúwo, ọkọ̀ tó rù ú ò lè gun òkè tó dá dúró ganboro, torí náà ńṣe ni wọ́n gé òkè, wọ́n sì kó yẹ̀pẹ̀ dí kòtò kí ojú irin lè tẹ́jú. Bí ọkọ̀ bá wọ ibi tí wọ́n gé, ògiri òkúta àti yẹ̀pẹ̀ pupa nìkan lẹ ó máa rí. Bó bá bọ́ sórí òkìtì tí wọ́n kó dí kòtò, igbó á ṣí sílẹ̀ lábẹ́ yín lọ salalu. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti gbójú sókè kúrò nínú fóònù.

Ìlà-oòrùn ni ọkọ̀ ń kọjú sí láti Itakpe lọ sí Ajaokuta. Lóṣù Kejìlá, apá gúúsù ni oòrùn ń gbà kọjá, ìyẹn ọwọ́ ọ̀tún yín bí ẹ bá kọjú síbi tí ọkọ̀ ń lọ. Torí náà ọwọ́ òsì ni kẹ́ ẹ jókòó sí. Oòrùn ò ní wọ̀ yín lójú, fọ́tò yín ò sì ní dúdú, ì báà jẹ́ àárọ̀ tàbí ọ̀sán lẹ wọkọ̀.

Kí lẹ máa rí láti ojú fèrèsé? Ẹ má retí ọ̀bọ tàbí àgbọ̀nrín. Ariwo ọkọ̀ ti ń lé wọn kó tó dé ibi tí wọ́n wà. Ẹyẹ lẹ máa rí, ọ̀kan wà tó tó ìrìn yìí fúnra rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n ń sun igbó ni ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yẹn. Bẹ́ ẹ bá rí èéfín lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ wo òkè rẹ̀: àṣá á máa yí po níbẹ̀, nígbà míì mẹ́wàá, nígbà míì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tata tó ń sá fún iná ni wọ́n ń dúró dè. Àṣá á já wálẹ̀, á fi ẹsẹ̀ gbá tata mú lójú òfuurufú, á ká ẹsẹ̀ yẹn wá síwájú, á tẹ orí ba, á sì jẹ ẹ́ níbi tó ti ń fò láì balẹ̀ rárá. Lékèélékèé náà á wà nílẹ̀ létí ibi tí iná ń jó bọ̀, tí wọ́n ń ṣa kòkòrò.

Aago ló kù, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Àkókò tí rélùwéè ń gbéra ní Itakpe máa ń yí padà, pàápàá lásìkò ọdún. Ẹ rán ẹnì kan lọ sí ibùdó náà ní ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún ṣáájú, kó bi wọ́n léèrè lójúkojú: ṣé ọkọ̀ máa rìn lọ́jọ́ tá a fẹ́, aago mélòó ló ń gbéra níbí, ṣé ó máa dúró ní Ajaokuta? Kó ra tíkẹ́ẹ̀tì níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bó bá jẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ fẹ́ rà á, orí ìkànnì iléeṣẹ́ rélùwéè fúnra rẹ̀ ni, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹni tó ní òun "mọ ẹnì kan". Kí orúkọ orí tíkẹ́ẹ̀tì bá ti ìwé ìdánimọ̀ mu, kí oníkálukú sì mú NIN rẹ̀ dání.

Ẹnì kan nínú yín á ní: kí ló dé tá ò kúkú wọ̀ ọ́ ní Ajaokuta, ká sọ̀ kalẹ̀ ní Itakpe tó sún mọ́ ilé? Torí pé èyí tó ń bọ̀ láti Warri ti rin ọ̀nà tó ju 270 kìlómítà kó tó dé Ajaokuta. Gbogbo ìdádúró tó bá ṣẹlẹ̀ sí i láti ìsàlẹ̀ wá, orí yín ló máa já lé, níbi tẹ́ ẹ ti ń dúró. Ibi tí ọkọ̀ ti ń gbéra ni kẹ́ ẹ ti wọ̀ ọ́. Àyè ìjókòó náà á tún pọ̀.

Bó bá jẹ́ pé ọ̀sán ni ọkọ̀ ń gbéra, ká ní aago méjì, ọjọ́ yín á dára gan-an, torí odò lẹ máa kọ́kọ́ lọ, àárọ̀ sì ni ẹyẹ ń jẹ̀. Ẹ gbéra ní Kàbà ní aago mẹ́fà ààbọ̀, nígbà tí ilẹ̀ bá ti mọ́, ẹ gba Obajana lọ sí Lọ́kọ́ja. Kí ẹ wà lórí omi ní aago mẹ́sàn-án kù ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ kúrò lórí omi ní mẹ́wàá kọjá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ jẹun tán ní mọ́kànlá ààbọ̀. Ẹ gba ọ̀nà Okene dé Itakpe ní nǹkan bí aago kan kọjá díẹ̀. Ẹ dé Ajaokuta ní mẹ́ta, bọ́ọ̀sì á gbé yín gba Okene padà sí Kàbà. Oòrùn ń wọ̀ ní nǹkan bí mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú lóṣù Kejìlá, ẹ sì gbọ́dọ̀ ti wọlé kó tó wọ̀. Nítorí náà, ẹ fẹnu kò lórí òfin kan láti ilé: bí rélùwéè ò bá tíì gbéra ní aago mẹ́ta, a ò wọ̀ ọ́ mọ́, a ń pe bọ́ọ̀sì padà, a ń lọ sílé. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ẹgbẹ́ gbà á ṣáájú, torí tí aago mẹ́ta bá lù, táwọn kan ti ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, kò sẹ́ni tó máa fẹ́ gbọ́ ọ.

Bó bá jẹ́ àárọ̀, ká ní aago mẹ́jọ, ìṣòro wà. Kàbà sí Itakpe tó wákàtí kan ààbọ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ wà ní ibùdó ní ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta sí wákàtí kan ṣáájú. Ìyẹn ni pé ẹ máa kúrò nílé nígbà tí òkùnkùn ṣì kùn. Mi ò fọwọ́ sí i. Ẹ sùn ní Okene lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, tàbí kẹ́ ẹ yan ọjọ́ mìíràn. Láti Ajaokuta, ẹ gba títì tó tọ etí Odò Ọya lọ sí Lọ́kọ́ja, odò á wà lọ́wọ́ ọ̀tún yín. Ẹ jẹun lọ́sàn-án, ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi ní nǹkan bí méjì ààbọ̀, kí ẹ kúrò ní Lọ́kọ́ja ní aago mẹ́rin. Ẹyẹ ò ní pọ̀ tó ti àárọ̀, torí ọ̀sán gangan ni wọ́n ń sinmi.

Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá mú, awakọ̀ bọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ gbéra kúrò ní Itakpe ní kété tẹ́ ẹ bá ti wọlé sínú ibùdó. Kó má dúró wo ìgbà tí ọkọ̀ máa fọn fèrè. Òun ní láti yí gba Okene, ó sì lè pẹ́ ju rélùwéè lọ lójú ọ̀nà. Àwọn tó bá jẹ́ kí awakọ̀ wọn dúró ra ìpápánu, ìta ibùdó Ajaokuta ni wọ́n ti máa ń jókòó sórí ẹrù dúró dè é.

Ó wá kan odò. Lọ́kọ́ja ni Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé ti pàdé, ẹ ó sì rí i pé àwọ̀ omi méjèèjì yàtọ̀, ọ̀kan rí bí ẹrẹ̀, èkejì fẹ́ ṣe bí ewé. Wọ́n á máa ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí wọ́n tó dàpọ̀. Oṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá ni omi ń kún jù níbẹ̀. Ìkún omi ọdún 2012 àti 2022 wọ ilé àti títì ní Lọ́kọ́ja. Títí oṣù Kejìlá, omi á ti máa fà, erékùṣù iyanrìn á ti máa yọrí. Orí iyanrìn yẹn ni ẹyẹ ń bà sí. Ìgbà dáadáa lẹ mú. Tó bá di oṣù Kẹta, omi á ti fà débi tí ọkọ̀ lè rì mọ́ iyanrìn lójú agbami.

Òkè Patti ńkọ́? Ó wù mí kí gbogbo ọmọ Ọ̀kun gùn ún, ibẹ̀ lèèyàn ti ń wo pàdé-pàdé odò méjèèjì láti òkè. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ oṣù Kejìlá máa ń bo ojú, ẹ lè gùn ún tán kẹ́ ẹ má rí ju kùrukùru lọ. Ẹ fi sílẹ̀ di oṣù Kọkànlá ọdún mìíràn.

Lórí omi, ẹ ní kí ọlọ́kọ̀ pa ẹ́ńjìnnì bó bá ku bí àádọ́ta mítà sí iyanrìn, kó jẹ́ kí omi máa gbé ọkọ̀ lọ. Ẹ ò ní sún mọ́ ọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹyẹ bá gbé orí sókè lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n dẹ́kun jíjẹ, ẹ ti sún mọ́ jù. Fífò ló kù. Ẹ ó rí lékèélékèé, ẹ ó rí àwọn ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn aláwọ̀ eérú tó ń dúró jẹ́ẹ́ sínú omi tí kò jìn. Ẹ wá èyí tó jẹ́ dúdú àti funfun, tí kò ju ọwọ́ ẹni lọ, tí ẹnu rẹ̀ gùn ṣóńṣó. Á fò dúró sójú kan lókè omi, á máa ju ìyẹ́ kíákíá, ara á máa mì, orí ò ní mì rárá, ojú rẹ̀ ń bẹ lára ẹja nísàlẹ̀. Lójijì á ká ìyẹ́ mọ́ra, á já sínú omi pọ̀ọ́. Bó bá gbé ẹja jáde, ó sábà máa ń gbé e lọ sórí igi, á nà án mọ́ igi títí kó fi kú, kó tó gbé e mì, orí ẹja ló máa ń ṣáájú. Létí odò, níbi tí koríko wà, ẹ lè rí awọ́nrínwọ́n tó ń yáàrùn. Báìnọ́kúlà kan fún ènìyàn mẹ́rin tó. Èyí tí wọ́n kọ 8x42 sí lára ni kẹ́ ẹ yá, torí èyí tó bá ń sún nǹkan mọ́ni jù bẹ́ẹ̀ lọ máa ń gbọ̀n nínú ọkọ̀, ẹ ò ní rí nǹkan kan.

Ọkọ̀ méjì ni kẹ́ ẹ gbà. Méjìdínlógún nínú ọkọ̀ kan ti pọ̀ jù, àti pé bí gbogbo yín bá dìde sí apá kan náà torí fọ́tò, ọkọ̀ lè dojú dé. Kò sẹ́ni tó máa wọkọ̀ láìsí jákẹ́ẹ̀tì ìléfòó, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀wẹ̀ náà. Báyìí ni wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ so gbogbo okùn rẹ̀ mọ́ra, kí ẹlòmíràn di ibi èjìká rẹ̀ mú, kó fà á sókè gan-an. Bó bá gòkè kọjá àgbọ̀n dé etí, ó tóbi jù, omi máa bọ́ ọ kúrò lọ́rùn yín. Bí fóòmù inú rẹ̀ bá ti run wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ẹ dá a padà. Olú iléeṣẹ́ NIWA, àwọn tó ń bójú tó ọ̀nà omi, Lọ́kọ́ja ló wà. Ẹ lè lọ bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti fọwọ́ sí wíwọ ọkọ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ oúnjẹ wàyí. Ọ̀ọ̀lẹ̀ ni mo fara mọ́ fún àárọ̀, pẹ̀lú ẹ̀kọ gbígbóná nínú fúláàsì. Àkàrà ń rọ̀ nínú nylon, epo rẹ̀ á sì dé ara aṣọ. Kóńgò ẹ̀wà kan máa ń tó ogún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n bí ẹ bá fi ewé pọ́n ọn ní ìwọ̀n ọwọ́ kan, ìyẹn sì lè ká ẹ̀yin méjìdínlógún, amọ̀nà méjì àti awakọ̀ méjì. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni pé wọ́n á gbé e kúrò lórí iná, wọ́n á dé e mọ́ inú kúlà lójú ẹsẹ̀. Oru rẹ̀ á di omi, omi á padà sórí rẹ̀, kó tó di ọ̀sán ó ti kan. Ẹ tẹ́ ewé sínú apẹ̀rẹ̀, ẹ tò ó láì dé e fún ogún ìṣẹ́jú kó lè mí, kí ẹ tó bò ó pẹ̀lú aṣọ mímọ́. Kí ẹ jẹ ẹ́ tán láàárín wákàtí mẹ́rin.

Iyán àti ẹja tútù ni ti Lọ́kọ́ja. Ẹ ti bá olóúnjẹ sọ ọ́ ní ọjọ́ méjì ṣáájú, ṣùgbọ́n kó má gún iyán dè yín. Iyán tó ti dúró máa ń le, ó sì máa ń wú. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń wọ ọkọ̀ ojú omi ni kẹ́ ẹ pè é: kó gbé iṣu kaná. Iṣu mẹ́fà tó tóbi díẹ̀ á ká mẹ́jìlélógún. Ẹja, ẹ ṣírò kìlógíráàmù mẹ́jọ kí wọ́n tó ṣe é. Orí, ìfun àti egungun á kó púpọ̀ lọ. Bí ó bá jẹ́ àrọ̀, kó wà láàyè. Bí ó bá jẹ́ èpìyà, ẹ ṣí ìjàgbá rẹ̀: kó pupa bí ẹ̀jẹ̀, kí ojú mọ́ kó yọ, bẹ́ ẹ bá sì fi ìka tẹ ẹran rẹ̀, kó padà. Àrọ̀ sísun lórí ẹyín iná máa ń gbà tó ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta sí wákàtí kan, torí náà kí ìyẹn náà ti wà lórí iná kẹ́ ẹ tó gúnlẹ̀. Ẹmu, lẹ́yìn odò ni, kì í ṣe ṣáájú.

Àwọn kan á dá ẹran ìgbẹ́ dúró fún yín lójú títì. Ẹ má ra akika, láàyè tàbí ní gbígbẹ; òfin orílẹ̀-èdè yìí dáàbò bò ó, ó sì ti ń tán nínú igbó wa. Ẹ má sì sanwó láti ya fọ́tò pẹ̀lú ọ̀bọ tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Owó yẹn ni wọ́n fi ń lọ mú òmíràn, ìyá rẹ̀ ni wọ́n sì sábà máa ń pa kí wọ́n tó rí ọmọ gbà.

Nípa amọ̀nà: amọ̀nà kan sí ènìyàn mẹ́wàá, ìyẹn méjì. Ẹ bi í pé bí rélùwéè ò bá rìn, kí la máa ṣe, èló sì ni a máa gbà padà? Ẹni tó bá ní "ó máa rìn, ẹ fọkàn balẹ̀" kò tíì ṣe iṣẹ́ yìí rí. Kó kọ ọ́ sílẹ̀ kó fọwọ́ sí i. Ẹ san ìdajì ṣáájú, ìdajì lẹ́yìn. Bọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní oníméjìdínlógún kì í gba èèyàn méjìdínlógún pẹ̀lú ẹrù àti amọ̀nà kó rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Méjì ni kẹ́ ẹ gbà. Kí ẹ fojú ara yín rí táyà àfirọ́pò, kí ẹ rí jáàkì rẹ̀ náà.

Ọ̀rọ̀ ajínigbé, a ò lè fi bò. Ọ̀nà Kàbà sí Obajana àti ọ̀nà Okene kò fini lọ́kàn balẹ̀ nígbà gbogbo, àwọn agbébọn sì ti kó èrò rí ní ibùdó rélùwéè Ekehen ní ìpínlẹ̀ Ẹdó, nínú oṣù Kìíní ọdún 2023. Ìdí mìíràn tí mi ò fi fẹ́ kẹ́ ẹ lọ jìnnà nìyẹn. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, àti láàárọ̀ ọjọ́ yẹn kẹ́ ẹ tó gbéra, ẹ bi àwọn awakọ̀ gáréèjì àti àwọn fijilanté léèrè bí ọ̀nà ṣe rí. Àwọn ló ń gba ibẹ̀ lójoojúmọ́. Bí wọ́n bá lọ́ra láti dáhùn, ẹ má lọ. Kí bọ́ọ̀sì méjèèjì máa rí ara wọn, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé fọ́tò sórí Facebook títí ẹ ó fi délé. Ẹ kọ nọ́ńbà 122 ti FRSC àti 112 ti pàjáwìrì sínú fóònù gbogbo yín, kí ẹ sì fi ìwé kan tó ní orúkọ gbogbo èrò, nọ́ńbà ọkọ̀ méjèèjì àti aago tẹ́ ẹ máa wọlé sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan ní Kàbà tí kò bá yín lọ. Bó bá di aago méje alẹ́ tí kò gbọ́ yín, kó bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ènìyàn.